Ìjàkùmọ̀ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Dá

Odigbo,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Orímisàn ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn pé ilé iṣẹ́ rédíò ní Àkúrẹ́ ti gbà ọ́ láti máa kọ eré fún wọn. Bàbá rẹ mú lẹ́tà náà lọ sí gáréèjì ní Ore, ó ń fi han àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ìwé náà fi ya létí. Olúwa tó gbé ọ débẹ̀ kò ní já ọ jù sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ohun ìtìjú fún ọ.

Ṣùgbọ́n eré àkọ́kọ́ tí o kọ, tí o ní kí n bá ọ wò, kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. O fi baálẹ̀ kan tó ń wọ aṣọ funfun ṣe ẹni tó ń mú kí ìlú tòrò. O wá fi àgbẹ̀ àtọ̀húnrìnwá kan, tí Yorùbá rẹ̀ kò já geere, ṣe ẹni tó fẹ́ sọ ìlú di ìgbẹ́. O mọ̀ ọ́n kọ. Mo rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí n ti rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni mo gbé ìwé náà sílẹ̀, tí mo wọ yàrá lọ, tí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìmọ ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Èmi náà ti kọ irú eré bẹ́ẹ̀ rí. N kò sọ ọ́ fún ọ rí, n kò sì sọ ọ́ fún àwọn àbúrò rẹ. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀, nítorí pé ó ṣojú rẹ̀. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo ń ṣe tíṣà ní Odigbo níbí, n kò tíì lọ́kọ. Owó epo ti dé ìlú. Wọ́n ń la ọ̀nà ńlá tó wá láti Èkó, tó gba Ore kọjá lọ sí Benin. Katapílà ń wó igi tí àwọn bàbá wa kò fọwọ́ kàn rí, eruku pupa sì ń bà lé gbogbo aṣọ tí a bá sá. Àwọn awakọ̀, àwọn wẹ́dà, àwọn àgbẹ̀ tó wá gba ilẹ̀ kòkó dá, gbogbo wọn ń ya wọ̀lú. Èrò ń pọ̀ ju bí a ṣe lè mọ orúkọ wọn lọ. Ẹ̀rù ń ba àwọn àgbà, wọ́n ní ayé tó ń sáré báyìí, bí kò bá ní ètò, yóò forí sọgi.

Bàbá Aládùúrà wa ní kí n kọ eré kan fún ọjọ́ ìkórè, èyí tí yóò kọ́ ìjọ ní ètò. Inú mi dùn kọjá àlà. Mo kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Abúlé kan wà létí igbó. Ẹni méjì ni mo fi ṣe òpó eré náà. Ọ̀kan ń jẹ́ Ètòdára, òun ló ń lu aago, òun ló ń jẹ́ kí olúkúlùkù tò lọ sódò. Èkejì ń jẹ́ Ìjàkùmọ̀, ó ń ti inú igbó jáde wá fọ́ ìkòkò, ó ń lé àwọn ọmọdé, ó ń jẹ ẹran tútù. Níparí, àwọn ará abúlé á tò sẹ́yìn Ètòdára, wọ́n á máa kọrin pé ìjàkùmọ̀ kì í rìn lọ́sàn-án, ẹni a bíre kì í rìn lóru, wọ́n á mú un, wọ́n á so ó mọ́ igi, ìlú á sì tòrò.

Sámúẹ́lì, akọ̀wé ìjọ wa, ni mo fún ní Ètòdára. Ó ga, ó mọ́, ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tó ń ka Bíbélì kódà bó bá ń béèrè omi. Kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu.

Onímísì ni mo fún ní Ìjàkùmọ̀. Ọmọ Ìgbìrà ni, ó ń dá oko ẹ̀gẹ́ àti kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́nà odò, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Òyízà, wá sí ilé àdúrà wa nígbà tí Òyízà ń wá ọmọ, wọ́n sì dúró. Ilà wà ní ojú Onímísì. Ó máa ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Ìkálẹ̀ àti èdè tirẹ̀, àwọn ọmọdé sì máa ń sín in jẹ. Lọ́jọ́ tí mo pín ipa fún wọn, ó dúró títí gbogbo èèyàn fi lọ, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Tíṣà, kí lẹ rí lára mi tí ẹ fi fún mi ní ẹranko?”

Mo ní ohùn rẹ̀ ni, pé ohùn rẹ̀ rinlẹ̀. Ó mi orí, ó sì gbà.

Irọ́ ni mo pa fún un, Orímisàn. Kì í ṣe ohùn. Mo wo gbogbo ìjọ, mo wá ẹni tí kò ní ìyá tàbí àbúrò nínú wọn tí yóò bínú nítorí rẹ̀. Mo tún mọ̀ pé bó bá ti lanu, wọ́n á rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohunkóhun. Ohun tó burú jù ni pé ọkùnrin yìí fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ó ń pè mí ní “ẹ”, èmi ń pè é ní “ìwọ”. Ká ní ọmọ bíbí ìlú yìí ni, ìyá mi ì bá ti gbá mi lẹ́nu.

Eré náà dùn. Onímísì fi èédú para, ó da awọ ewúrẹ́ bora, ó bú ramúramù débi pé àwọn ọmọdé sá wọ abẹ́ ìjókòó. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún pè é ní Onímísì mọ́. Lójú ọ̀nà, lọ́jà, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Ìjàkùmọ̀ ni. Á rẹ́rìn-ín, á bú ramúramù díẹ̀ fún àwọn ọmọdé, á kọjá lọ. Sámúẹ́lì náà di Ètòdára. Àwọn tó bá ń jà lórí ààlà ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a kó parí rẹ̀ fún wọn, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ sókè bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ nínú eré. Ńṣe ni orí mi ń wú. Mo rò pé bí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé bá ti ń rìn nígboro, òǹkọ̀wé ti dé ibi tó ń lọ nìyẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n ní a ò rí Dúpẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ọmọ ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà. Láti àárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń wá a. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo ìlú ti pé sí iwájú ilé àdúrà wa, nítorí ibẹ̀ ni aago wà. O mọ bí ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ṣe máa ń rí. Ẹnìkan kò tíì sọ ọ́, gbogbo ọkàn ti gbọ́ ọ. Ìyá ọmọ náà ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ó kàn ń la ẹnu ni. Sámúẹ́lì béèrè pé ta ló rí ohunkóhun láàárọ̀.

Mo ti rí Onímísì láàárọ̀. Ó ru àpò ẹ̀gẹ́, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, ó kí mi, ó béèrè àlàáfíà ìyá mi, ó sì sọ fún mi pé oyún Òyízà ti wọ oṣù kẹjọ. Gbogbo ohun tí mo rí nìyẹn. Ká ní mo sọ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá kò sẹ́ni tí ì bá gbé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ni mí, gbogbo èèyàn ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ á ti wá, ó sì wù mí kó ti ẹnu mi wá. Mo ní, “Mo rí Ìjàkùmọ̀ lọ́nà odò, ó ru àpò.”

Kò sẹ́ni tó pariwo. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní nìyẹn. Àwọn ọkùnrin kan lọ sílé lọ mú àdá, wọ́n padà wá. Sámúẹ́lì gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí a lọ létòlétò, wọ́n sì tò sẹ́yìn rẹ̀ ní méjì-méjì. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ orin náà, orin tí mo kọ. Àwọn yòókù gbè é. Èmi náà tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Onímísì wà níwájú ahéré rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbọ́ orin kó tó rí wa. Nígbà tó rí Sámúẹ́lì níwájú àti ìlà èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó tẹ̀ bí ẹranko, ó sì bú ramúramù sí wa bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó rò pé eré ni a wá bá òun ṣe.

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí igi àkọ́kọ́ bà á.

N kò ní sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Wọ́n so ó mọ́ igi òro ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Wọ́n tú ahéré wò, wọ́n sì rí aṣọ ọmọdé mẹ́ta nínú agbọ̀n. Òyízà ń kígbe pé ọmọ inú òun ni òun rán an fún, wọ́n tì í sẹ́yìn. Wọ́n ní kí Onímísì sọ ibi tí ọmọ wà. Yorùbá rẹ̀ fò lọ pátápátá, èdè tirẹ̀ nìkan ló ń jáde, wọ́n sì ní ògèdè ló ń pè. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ya bò ó. Sámúẹ́lì dá wọn dúró, ó ní, “Lọ́kọ̀ọ̀kan o, ká má ṣe bí ẹranko.” Wọ́n tò. Ó ń kà á bí wọ́n ṣe ń nà án. Ẹnìkan tí kò dúró de àkókò tirẹ̀ fi ẹ̀yìn àdá lu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ igi náà, mo sì gbọ́ ìró egungun. Ẹlòmíràn sọ iná sí ahéré. Èmi dúró lábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo di apá méjèèjì mọ́ àyà. N kò lu ẹnikẹ́ni. N kò sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ la wà tí ọkọ̀ típà kan fi já láti ojú ọ̀nà tuntun, ó ń fọn fèrè láìdúró. Awakọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀, ó gbé Dúpẹ́ lé èjìká. Ọmọ náà ti gun ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kó yẹ̀pẹ̀, ó sùn lọ sábẹ́ tapólì. Nígbà tí awakọ̀ dé Ore tó fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ ló rí i. Ó gbé e padà wá, wọ́n sì júwe ibi tí ìlú kó lọ fún un. Òórùn sìgá ń bọ̀ lára rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ya lẹ́yìn. Irú wọn ni à ń pè ní ará igbó nínú ìwàásù. Ó wo igi, ó wo iná, ó wo gbogbo wa. Ó gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó gba àdá lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ó gé okùn. Ó wá yíjú sí mi, nítorí èmi ni mo dúró tí n kò mú igi lọ́wọ́, ó ní, “Arábìnrin, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Bí mo ṣe pàdé bàbá rẹ nìyẹn. O ti ń béèrè láti kékeré, mo sì máa ń sọ fún ọ pé lójú ọ̀nà ni.

A gbé Onímísì àti Òyízà lọ sí ilé ìwòsàn nínú típà náà. Ó yè. Ọwọ́ náà kò san bọ̀ sípò, àwọn ìka rẹ̀ ká sínú bí ẹni tó di nǹkan mú. Nígbà tí ọlọ́pàá dé láti wádìí, kò sẹ́ni tó rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi èmi náà, mo ní ẹ̀yìn ni mo wà, n kò rí ojú àwọn tó wà níwájú. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo pa irọ́ nìyẹn, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni bí mo ṣe ń pa á. Bàbá Aládùúrà pàṣẹ ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Mo ti fẹ́ bàbá rẹ, oyún rẹ sì ti pé oṣù mẹ́fà nínú mi, kí n tó lè sọ fún un pé kó bá mi wá Onímísì àti Òyízà, tí wọ́n ti kó kúrò nílùú, kàn. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ títí a fi gbọ́ pé wọ́n wà ní Agbabu, níbi tí ọ̀dà dúdú ti ń sun láti inú ilẹ̀, tí gbogbo èèyàn ti ń retí pé ìjọba ń bọ̀ wá wà á. A bá Onímísì nínú oko. Ọwọ́ òsì ló fi ń ro oko. Ọmọbìnrin kékeré kan ń rìn tẹ̀ lé e nínú poro. Mo kúnlẹ̀ sórí ebè, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ dárí jì mí.”

Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ẹ pè mí.”

N kò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ó tún un sọ. Mo wá pe orúkọ rẹ̀, “Ọ̀gbẹ́ni Onímísì.”

Ó ní, “Ìyẹn kò wo ọwọ́ sàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.” Ó ní kí n dìde nítorí oyún inú mi. Ó fún wa ní omi. Kò sọ pé òun dárí jì mí. Òyízà kò jáde láti inú ilé títí a fi lọ.

Ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí o gbà lọ́wọ́ mi nínú èyí kò pọ̀.

Èkíní, bí o bá fẹ́ dá ẹ̀dá búburú sínú eré, má ṣe lọ wá a lójú àlejò. Ohun tó lè sọ ìlú di ìgbẹ́ kò nílò ilà ojú, kò sì nílò Yorùbá tó wọ́. Fún un ní ohùn tó dára bíi tìrẹ. Jẹ́ kó mọ orin ìyìn. Jẹ́ kí àwọn tó ń gbọ́ rédíò fẹ́ràn rẹ̀ títí dé àárín eré, kí ẹ̀rù ara wọn tó bà wọ́n.

Èkejì, má ṣe gba ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ gbọ́ ju bó ṣe yẹ. Mo rí ìlà tó tọ́ gan-an lọ́jọ́ náà. Ohun tí ìlà náà ń lọ ṣe ni kí o máa béèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ kí n sì fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ tàn ọ́ jẹ. Sámúẹ́lì dàgbà di ẹni ńlá. Lọ́jọ́ kan tí ara rẹ̀ kò yá, mo bá a níbùsùn, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó sunkún. Ó wá ní, “Bí n kò bá kà á, wọn ì bá pa á.” Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún wọ̀nyí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má ṣe kọ ẹnikẹ́ni bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ tó gé okùn yẹn náà, nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méjì, ó bá awakọ̀ kan jà lórí ta ló kàn láti kó yẹ̀pẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sípánà fọ́ ojú rẹ̀. Èmi ni mo lọ bẹ ẹbí ọkùnrin náà. Ẹni tó gé okùn, òun náà ló gbé sípánà.

Orúkọ tí a bá sọ ẹlòmíràn kì í tán nínú eré. Kí o tó fún ẹ̀dá inú eré ní orúkọ, béèrè ẹni tí wọ́n máa fi pè lọ́jọ́ kejì.

Ní ti ara rẹ, jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́, inú rẹ kì í gba ebi. Wá ilé àdúrà kan ní Àkúrẹ́ tí o lè máa lọ, kí o sì kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ní kí o jẹ́ kí aláìgbédè kan ṣe aláwàdà nítorí pé ó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n má ṣe gbà. Bí wọ́n bá bínú, padà wá sílé. Àgbàdo wà lóko, a ò ní pa ebi mọ́ ọ.

Ohun kan ló kù. Mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Bí o ṣe ń ka lẹ́tà yìí, apá kan nínú rẹ ti ń gbé e kalẹ̀ bí eré. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́, kọ ọ́. Lọ sí Agbabu kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ Bàbá Onímísì, wọ́n ṣì wà láàyè, bí wọ́n bá sì kọ̀, fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, má ṣe fi mí sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, má sì ṣe bò mí láṣìírí nítorí pé mo jẹ́ ìyá rẹ. Fi tíṣà náà síbẹ̀. Jẹ́ kó dúró lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó di apá mọ́ àyà, kí gbogbo Oǹdó gbọ́ bó ṣe dákẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ebùn.